Àbẹ̀wò sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Àwọn Atẹ̀dó Amẹ́ríkà: Láti Staunton dé Nicodemus

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà kì í ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó dá lórí ìgbésí ayé àwọn atẹ̀dó ayé àtijọ́ sí ohun tó kàn wá. A gbà pé ìtàn òyìnbó ni, ìtàn ìbọn, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ibòmíràn ni a máa ń mú àwọn ọmọ wa lọ bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Ohun tí a ń pàdánù nípa bẹ́ẹ̀ kò kéré, kò sì sí ibi tí ó ti hàn sí mi tó Frontier Culture Museum tó wà ní ìlú Staunton, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ibẹ̀ ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé jù lọ, ṣùgbọ́n n ó mẹ́nu ba ibi mẹ́ta mìíràn tí ìtàn wọn so mọ́ tirẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo fi wọn gbogbo wọn: ǹjẹ́ àlejò tó bá wọ ibẹ̀ yóò jáde ní mímọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà kí àtìpó tó dé, àti ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ó?

Wọn kò ṣèèṣì yan Staunton. Àárín àfonífojì Shenandoah ni ìlú náà wà. Òkè Blue Ridge wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, àwọn òkè Allegheny sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Láti nǹkan bí ọdún 1730 ni àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Ulster, ní àríwá Ireland, ti ń gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹrù láti Pennsylvania sọ̀kalẹ̀ wá síbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ti wọ́n níbi tí wọ́n kọ́kọ́ dó sí. Ìjọba Virginia kò dí wọn lọ́wọ́. Ní 1736, lábẹ́ gómìnà William Gooch, wọ́n fún William Beverley àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ní ilẹ̀ tó lé ní 100,000 éékà kí wọ́n lè pín in tà fún àwọn àtìpó, nítorí wọ́n fẹ́ kí àwọn àtìpó yìí di ògiri tí yóò wà láàárín oko tábà àwọn olówó ìlà-oòrùn àti àwọn ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú àwọn Faransé. Ní 1738 ni wọ́n dá Augusta County sílẹ̀ lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bí ẹ bá ń rìn kiri ọgbà náà: ilẹ̀ ni tálákà ń wá, ṣùgbọ́n alágbára ti mọ iṣẹ́ tí yóò fi tálákà ṣe.

Ìpínlẹ̀ Virginia fúnra rẹ̀ ló ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ọdún 1988 ni wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹ má ṣe retí yàrá tí wọ́n to nǹkan sínú gíláàsì sí. Ọgbà gbalasa ni, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ so oko kan mọ́ èkejì, tí ẹran ọ̀sìn wà nínú agbo, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ ìgbà náà sì ń ṣe iṣẹ́ ìgbà náà lójú yín: òmíràn ń ran òwú láti ara irun àgùntàn, òmíràn ń se oúnjẹ lórí iná igi, òmíràn wà ní ìdí ọgbìn. Apá kìíní ọgbà náà ni oko mẹ́rin tó dúró fún ibi tí àwọn ènìyàn ti wá: oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Worcestershire, oko Ireland láti Tyrone, oko Jámánì láti abúlé Hördt, àti oko ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilé gidi tí ènìyàn ti gbé rí ni ti àwọn ará Yúróòpù mẹ́ta yìí. Ńṣe ni wọ́n tú wọn palẹ̀ níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n kó wọn gba orí òkun kọjá, tí wọ́n sì tún wọn tò ní Staunton. Apá kejì ni ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1740 sí 1749, tí ó sì parí sí 1850 sí 1859.

Oko Áfíríkà náà ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Agbo ilé àgbẹ̀ Ìgbò ti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni: àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò, tí wọ́n kọjú sí gbàgede kan náà, ti baálé lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀, pẹ̀lú ibi ìdáná àti ibi ìkóṣusí. Inú mi dùn gidigidi sí ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e kalẹ̀. Wọn kò fi í sí ìkángun bí ohun tí ènìyàn kàn fi kún ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ti fẹ́ parí; ó wà láàárín àwọn mẹ́ta yòókù, ó ní orúkọ tó rí bíi tiwọn, àkòrí rẹ̀ sì ni iṣẹ́ àgbẹ̀ bíi tiwọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Maryland tàbí ní Texas, tí gbogbo ohun tí ó ti gbọ́ nípa aláwọ̀ dúdú ayé àtijọ́ kò ju ẹ̀wọ̀n àti oko òwú lọ, yóò rí i níbẹ̀ pé ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú ti ní ilé, ó ti ní àká, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, ó sì ti mọ ilẹ̀ ro dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní orílẹ̀-èdè náà, díẹ̀ ló kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ yìí kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní àgbàlagbà kan nílé tí ó dàgbà ní abúlé, yálà ní apá Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, ẹ mú un dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣáájú nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀. Ògiri amọ̀, òrùlé koríko, gbàgede tí gbogbo ojú ilé kọ sí, kò sí èyí tí yóò ṣe àjèjì sí i nínú wọn. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí wọ́n máa ń ru koríko wá fún òrùlé ààfin ní Ọ̀yọ́, yóò ní àlàyé tí ó pọ̀ ju ti ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Ẹlòmíràn lè béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ agbo ilé Ìgbò, tí kò fi jẹ́ ti Yorùbá. Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn òwò ẹrú fúnra rẹ̀. Etíkun Biafra, láti ebúté Bonny àti Calabar, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó kó ẹrú wá sí Virginia ti gbéra ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Ìgbò ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó níbẹ̀. Virginia dẹ́kun kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè ní 1778, òfin Amẹ́ríkà sì fòpin sí i jákèjádò orílẹ̀-èdè náà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808. Ìgbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé wá tú ká, tí ogun abẹ́lé gba ilẹ̀ Yorùbá kan, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ́pọ̀ yanturu gba Èkó àti Ouidah kọjá, Bahia àti Cuba ni ọkọ̀ ń forí lé. Ìdí nìyẹn tí òrìṣà wa fi gbilẹ̀ ní Salvador àti ní Havana, tí ó sì fi jẹ́ pé iṣu Ìgbò ni a bá ní oko Staunton. Àwọn tí wọ́n ṣètò ibẹ̀ tẹ̀lé àkọsílẹ̀, mo sì gbóṣùbà fún wọn pé wọn kò kọ́ ilé Áfíríkà kan ṣáá tí kò ní ìlú, tí kò ní èdè.

Ohun mìíràn tí ọgbà náà ṣe dáadáa ni pé ó gba ènìyàn láàyè láti fi ojú ara rẹ̀ wé ilé pọ̀ mọ́ ilé. Ẹ wo ilé Jámánì yẹn dáadáa: igi ni egungun rẹ̀, amọ̀ ni wọ́n sì fi dí àárín igi. Ẹ wo ti Ireland: òkúta ni ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n koríko ni òrùlé. Nígbà tí ẹ bá fi máa jáde níbẹ̀, ohun tí ìwé ilé-ìwé ti kọ́ wa nípa ọ̀làjú ẹni kan àti àìlajú ẹlòmíràn yóò ti dín kù lójú yín, nítorí àgbẹ̀ Tyrone àti àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò, nínú ọ̀rúndún kan náà, jùmọ̀ ń sùn lábẹ́ koríko, wọ́n sì jùmọ̀ ń bẹ̀rù ọdún tí òjò bá kọ̀ láti rọ̀. Àgbẹ̀dẹ Ireland kan tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá alágbẹ̀dẹ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró tì í pẹ́. Bí ó ṣe ń fẹ́ ẹwìrì tí ó sì ń lu irin títí yóò fi di ìṣó tàbí ìkọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ Ògún ń ṣe nílé.

Láàárín apá méjèèjì ọgbà náà ni ìletò kékeré kan ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà wà, tí wọ́n fi ọ̀pá àti èèpo igi kọ́. Ó ṣe pàtàkì, nítorí láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹni wọ̀nyí ni àtìpó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo, òun sì ni oúnjẹ tó mú wọn la ọdún àkọ́kọ́ já. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oko Amẹ́ríkà tẹ̀lé ara wọn. Ti ọdún 1740 kò ju ahéré onítì igi oníyàrá kan lọ, tí wọ́n kọ́ sáàárín igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀. Ti 1760 ti tóbi díẹ̀. Ilé ti 1820, tí wọ́n kó wá láti Rockingham County, jẹ́ ti ìdílé tó ti Jámánì ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè pè é ní ilé Jámánì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a bá dé oko 1850, tí wọ́n kó wá láti Botetourt County, ọjà ti wọ inú iṣẹ́ àgbẹ̀: àlìkámà fún títà ni wọ́n ń gbìn, ilé ti di ńlá, abà àti àká sì yí i ká.

Ibí yìí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ kan láti bá àwọn olùṣètò sọ. Ọ̀nà kan náà, tí wọ́n tọ́jú dáadáa, ni àlejò ń gbà jáde nínú oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó rọ́pò òkun. Ará Ulster sanwó ọkọ̀ tàbí ó fi ọdún iṣẹ́ mélòó kan san án. Ará Jámánì tẹ̀lé ìròyìn pé ilẹ̀ wà. Ọmọ Ìgbò wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ìrìn àjò wọn kò jọra, ọgbà náà sì mú kí wọ́n jọra lábẹ́ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1860, ẹnì kan nínú márùn-ún tó ń gbé ní Augusta County ló jẹ́ ẹrú. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dáhùn ìbéèrè tọkàntọkàn, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín: nígbà tí ẹ bá dé oko 1850, ẹ béèrè ẹni tó kórè àlìkámà yẹn. Ó tún dára bí òbí bá jẹ́ kí ọmọ jókòó díẹ̀ láàárín oko Ìgbò àti èyí tó kàn, kí ó sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi fún un, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà bọ́ sí.

Ní ti ètò ìrìn àjò, láti Washington dé Staunton tó wákàtí méjì ààbọ̀ lórí ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà I-81 àti I-64 pàdé níbẹ̀, ọgbà náà kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Rélùwéè Amtrak tún máa ń dúró ní Staunton ní àwọn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ya ààbọ̀ ọjọ́ sọ́tọ̀ ó kéré tán, kí ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti fi rìn, kí ẹ sì gbé omi dání, pàápàá nígbà ooru, nítorí ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà náà wà, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìkórè ló dára jù lójú mi. Òtútù kì í pa ènìyàn, iṣẹ́ oko sì wà tí ojú lè rí. Ìgbà òtútù wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ahéré 1740 yẹn ṣe rí lára ẹni tó sùn sínú rẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ wakọ̀ lọ sí gúúsù díẹ̀, sí oko Cyrus McCormick ní ìtòsí Raphine, tí Virginia Tech ń tọ́jú. Ibẹ̀ kéré, wákàtí kan tó fún un. Ní àdúgbò yẹn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìkórè àlìkámà han aráyé ní 1831, ẹ̀rọ tí ẹṣin ń fà, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́. McCormick gba àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1834, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Chicago ní 1847, láti ibi tí ẹ̀rọ náà ti tàn dé pápá ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jo Anderson, ẹrú ìdílé McCormick, wà nídìí iṣẹ́ náà, ó bá a kan ẹ̀rọ pọ̀. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ náà forí lé ni ó gbé wa dé Nebraska, sí Homestead National Historical Park ní ìtòsí Beatrice, lórí ilẹ̀ tí Daniel Freeman gbà lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1863, ọjọ́ tí òfin ilẹ̀ tí Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní 1862 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà fún ènìyàn ní 160 éékà bí ó bá kọ́lé síbẹ̀, tí ó sì dáko níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Àwa tí a ń ra ilẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì nílé lè ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún pulọ́ọ̀tì. Wọ́n ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí níbẹ̀ ní éékà kan gẹ́lẹ́ kí ojú àlejò lè wọn ìyókù, mo sì ka èyí sí ọgbọ́n gidi. Nǹkan bí mílíọ̀nù 270 éékà ni ìjọba fi òfin yìí pín, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ilẹ̀ náà ti kúrò. Ní agbègbè Beatrice, àwọn Otoe-Missouria ni ó ni ín. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Fún ọmọ tó ti tó lọ sí ilé-ìwé girama, ibẹ̀ wúlò ju Staunton lọ ní ti òfin àti ìṣèlú ilẹ̀; fún ọmọdé, ó lè súni.

Nicodemus ní Kansas ni ọkàn mi fà sí jù lẹ́yìn Staunton, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá ìran wíwò kò ní rí púpọ̀ níbẹ̀. Ilé márùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò níbẹ̀ láti 1996: gbọ̀ngàn ìlú, ilé-ìwé, ilé ìtura àtijọ́ kan, ṣọ́ọ̀ṣì Baptist àti ṣọ́ọ̀ṣì African Methodist Episcopal. Àyíká wọn jẹ́ pápá tí ó tẹ́ lọ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní Kentucky ló tẹ ìlú náà dó ní 1877. Igi kò sí níbẹ̀ tí wọ́n lè fi kọ́lé, nítorí náà inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì ń gbé. Willianna Hickman, tó dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní 1878, sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n ní àwọ́n ti dé Nicodemus, òun ń wá ìlú náà kiri, títí ọkọ òun fi nawọ́ sí èéfín tó ń jáde láti inú ilẹ̀. Ó ní ńṣe ni òun bú sẹ́kún. Àwọn ará ìlú ṣì ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu pé ẹran tí àwọn ọdẹ Osage, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀, fún wọn wà lára ohun tó mú wọn la òtútù ọdún àkọ́kọ́ já.

Wọ́n la á já, ìlú sì gbòòrò. Edward McCabe, tó gbé níbẹ̀, di olùṣàyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ Kansas nípa ìbò ní 1882. Ṣùgbọ́n ní 1888, rélùwéè tí wọ́n ti ń retí gba òdìkejì odò kọjá, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀lé e lọ. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ibi kékeré tí a ń rí lónìí, mo sì rò pé ó yẹ kí òbí ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ kí ó má baà rò pé àwọn ènìyàn náà ni kò lè dá ìlú dúró.

Bí ẹ bá lè yan ọjọ́, ẹ má lọ ní ọjọ́ lásán. Ní ìparí oṣù keje lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ bíbí Nicodemus máa ń padà wálé fún àjọ̀dún òmìnira, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrántí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1834 tí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì ní Karibéánì. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè ṣàlàyé ilé márùn-ún náà fún yín lọ́jọ́ yòówù, ṣùgbọ́n lásìkò àjọ̀dún, ọmọ-ọmọ ẹni tó gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ yẹn lè jókòó tì yín, kí ó sì sọ orúkọ baba rẹ̀ fún yín. Ẹ tètè wá ilé ìtura sí Hill City tàbí Stockton, nítorí kò sí ibi ìsùn nínú Nicodemus fúnra rẹ̀.